Owó Tiransifọ́mà Tí Kì Í Tán

Ó tó gẹ́ẹ́, ẹ̀yin ẹgbẹ́ onílé l'Ékòó! Kí tiransifọ́mà jó lónìí, lọ́la ẹ ti ń kan ilẹ̀kùn kiri gba owó. Kò sí ẹni tó ń béèrè ohun tó jó o.

Tiransifọ́mà 500 kVA (ìwọ̀n bó ṣe tóbi tó) ò lè gbé ju nǹkan bí 400 kW lọ, ìyẹn ìwọ̀n iná tí àwọn ilé ń lò ní tòótọ́. Bí ilé kọ̀ọ̀kan bá ń lo 5 kW nírọ̀lẹ́, ilé 80 ló lè gbà. Ẹgbẹ́ yìí kan náà ló ń gbowó lọ́wọ́ ẹni tuntun tí wọ́n á ní kó so wáyà tirẹ̀ mọ́ ọn, títí ilé 80 á fi di 150. Bí iná bá kéré lórí féèsì kan, ìyẹn ọ̀kan nínú wáyà mẹ́ta tó ń gbé iná wá, gbogbo ilé á sá lọ sórí èyí tó dáa. Fíùsì, tó yẹ kó já kí tiransifọ́mà má bàa jó, á jó. Dípò kí wọ́n ra irú rẹ̀, wọ́n á fi wáyà kọ́pà tó nípọn rọ́pò rẹ̀. Wáyà yẹn ò ní já, tiransifọ́mà fúnra rẹ̀ ló máa jó!

Èyí tó dùn mí jù ni pé wọn kì í bá iléeṣẹ́ apínná tọwọ́ bọ̀wé kí wọ́n tó ra tiransifọ́mà tuntun. Ìlànà tí NERC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó iná mànàmáná, gbé jáde lọ́dún 2015 fàyè gba kí àdúgbò gba owó wọn padà lọ́wọ́ iléeṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n ó ní àdéhùn gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ kí owó tó jáde. Ayálégbé tó dáwó, tó sì kó lọ lẹ́yìn ọdún kan ńkọ́? Kò sẹ́ni tó máa dá kọ́bọ̀ padà fún un.