Ṣọ́jà Tó Wá Tọrọ Ìbò Lẹ́nu Ọ̀nà Mi

Sátidé tó kọjá ni ẹnì kan kan ilẹ̀kùn wa. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ òru dé ni, aṣọ nọ́ọ̀sì ṣì wà lọ́rùn mi. Ọkùnrin kan ló dúró síbẹ̀, ó gẹrun mọ́lẹ̀, ó nà ró bí ọ̀pẹ, ó kó ìwé ìpolongo dání. Ó ní ogún ọdún lòun fi ṣe ṣọ́jà, òun ti fẹ̀yìn tì báyìí, òun sì ń du ipò aṣòfin tí yóò ṣojú ẹkùn wa ní Austin, nílé aṣòfin ìpínlẹ̀ Texas. Ó wá ní, "Mà, ìbò yín ni mo wá tọrọ."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dàgbà sílé bíi tèmi, ẹ ó mọ ohun tó gba ọkàn mi kọjá. Ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí nígbà tí àwọn ológun gbàjọba ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 1983. Bàbá mi jókòó ti rédíò, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Bí wọ́n ṣe dé báyìí, ilé aṣòfin gbogbo, ti Èkó àti ti ìpínlẹ̀, di títì pa. Nígbà tó tún di oṣù Kọkànlá ọdún 1993, lẹ́yìn tí wọ́n ti fagi lé ìbò June 12, ológun mìíràn dé, ó tún tú àwọn aṣòfin ká. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Ẹni tó ń ti ilé aṣòfin pa ni ṣọ́jà jẹ́ lójú mi láti kékeré. Mi ò rò ó rí pé ọ̀kan nínú wọn máa dúró lẹ́nu ọ̀nà mi nínú oòrùn, kó máa bẹ̀ mí pé kí n jẹ́ kí òun wọ ibẹ̀.

Omi bọ́ lójú mi. Ó rò pé oorun ni. Mo ní kó wọlé, mo fún un lómi tútù.

Mo sọ èyí kẹ́ ẹ lè mọ̀ pé mi ò fojú kékeré wò ó. Ohun tí àwọn kan fi ìbọn gbà lọ́wọ́ wa nílé, ẹnu ló fi ń tọrọ rẹ̀, láti ojúlé dé ojúlé. Ohun ńlá ni. Nílẹ̀ Amẹ́ríkà yìí, bí wọ́n bá ti gbọ́ pé èèyàn ṣe ṣọ́jà rí, ọpẹ́ ni wọ́n máa kọ́kọ́ dú, èmi náà sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n mi ò ṣèlérí ìbò fún un, mo sì rí i pé ó yà á lẹ́nu díẹ̀.

Ẹ jẹ́ n sọ ìdí rẹ̀.

Àwòrán rẹ̀ nínú ẹ̀wù ológun ló gba gbogbo iwájú ìwé náà. Lẹ́tà wínníwínní kan wà nísàlẹ̀ tó sọ pé àwòrán yẹn kò túmọ̀ sí pé iléeṣẹ́ ológun wà lẹ́yìn rẹ̀. Òfin wọn ló ní kí wọ́n máa kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ ológun gan-an kò gbọdọ̀ du irú ipò yìí lábẹ́ ẹgbẹ́ òṣèlú. Èmi fẹ́ràn lẹ́tà wínníwínní yẹn ju àwòrán náà lọ, torí òun ni odi tí a kò ní nílé. Mo yí ìwé náà padà. Ó kọ ọ́ sẹ́yìn pé òun jẹ́ akíkanjú, olóòótọ́, aṣáájú. Kò sí omi níbẹ̀. Kò sí ọ̀nà. Kò sí iléèwé.

Bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ níbi tí à ń gbé nìyẹn. Nígbà tí a kó wá sí apá àríwá Dallas yìí, pápá gbalasa ló wà lẹ́yìn ilé wa. Ilé ló kún un báyìí. Àwọn 782,341 ló ń gbé ní Collin County (county ni wọ́n ń pe ohun tó dà bí ìjọba ìbílẹ̀ níbí), níbi tí à ń gbé, nígbà ìkànìyàn ọdún 2010. Nígbà tó fi di 2020, wọ́n ti di 1,064,465. Ẹ wá wo Princeton tó wà níbẹ̀. Èèyàn 17,027 ni wọ́n kà nílùú náà lọ́dún 2020, ṣùgbọ́n nígbà tó fi di àárín ọdún 2024, àwọn aṣèkànìyàn ti fojú bù ú sí 37,019. Nínú àwọn ìlú tó ní èèyàn 20,000 sókè, kò sí èyí tó yára dàgbà tó o ní gbogbo Amẹ́ríkà láàárín ọdún 2023 sí 2024. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, ìgbìmọ̀ ìlú náà ní kí wọ́n dá kíkọ́ ilé tuntun dúró ná, torí pé omi, ọ̀nà omi ìdọ̀tí, títì àti ọlọ́pàá kò lè bá iye èèyàn tó ń wọlé mu mọ́. Ẹni tó bá ti wa ọkọ̀ gba ọ̀nà 380 láàárọ̀ rí kò nílò kí n ṣàlàyé.

Ẹ̀yin ará ilé tẹ́ ẹ máa ń rò pé ààrẹ ló ń ṣe gbogbo nǹkan níbí, ẹ gbọ́: Austin ni ọ̀pọ̀ nǹkan tó ń dùn wá wà. County ní Texas kò lágbára láti sọ pé ilé gbígbé ni kí wọ́n kọ́ síbí, pé iléeṣẹ́ ni kí wọ́n kọ́ sọ́hùn-ún, àfi ibi tí òfin ìpínlẹ̀ bá yọ̀ǹda. Lábẹ́ òfin ìpínlẹ̀ náà ni wọ́n ṣe ń dá àgbègbè omi tí wọ́n ń pè ní MUD sílẹ̀ níta ìlú, èyí tó ń yáwó ri páìpù mọ́lẹ̀, tí onílé á sì máa fi owó-orí san gbèsè rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ra ilé tán kó tó mọ ohun tí lẹ́tà mẹ́ta yẹn túmọ̀ sí.

Nítorí náà, mo bi ọkùnrin náà. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, àwọn olùdìbò Texas fọwọ́ sí i pé kí wọ́n máa ya owó tó tó bílíọ̀nù kan dọ́là sọ́tọ̀ fún omi lọ́dọọdún láti inú owó-orí ọjà, bẹ̀rẹ̀ láti 2027. Mo ní, báwo lẹ ṣe máa ṣe é kí ẹkùn wa rí nínú rẹ̀? Ó sọ̀rọ̀ nípa ìforítì. Ó sọ bí òun ṣe máa ń kó ikọ̀ òun jáde nínú ewu. Mo fetí sílẹ̀, mo sì gbà á gbọ́. Àmọ́ ilé aṣòfin kì í ṣe ikọ̀. Aṣojú 150 ló wà ní ilé aṣojú-ṣòfin ní Austin. Bó o bá fẹ́ kí àbádòfin rẹ kọjá nígbà tí gbogbo wọn bá jókòó pé, àfi kó o rí 76 tó gbà, kò sì sí èyí tó o lè pàṣẹ fún nínú wọn. Ọjọ́ 140 péré ni ìjókòó wọn gbogboogbò, lẹ́ẹ̀kan lọ́dún méjì. Bí àbádòfin omi rẹ bá kú sọ́wọ́ ìgbìmọ̀ kékeré kan ní oṣù Karùn-ún, ó di ọdún méjì òní, àyàfi bí gómìnà bá pè wọ́n padà fún ìjókòó pàjáwìrì. Sùúrù ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni tí kò fẹ́ràn rẹ̀ ni iṣẹ́ yẹn ń fẹ́.

Ohun kan wà tó tún yẹ ká sọ síta. Dọ́là 600 lóṣù ni owó oṣù aṣòfin Texas, pẹ̀lú owó àjẹmọ́nú fún ọjọ́ tí wọ́n bá jókòó. Èmi tí mò ń ṣe iṣẹ́ òru, mi ò lè gba oṣù márùn-ún kúrò lẹ́nu iṣẹ́ kí n lọ jókòó sí Austin. Ṣọ́jà tó ti pé ogún ọdún ń gba owó ìfẹ̀yìntì, ó lè lọ. Mi ò bú u fún ìyẹn, ó ṣiṣẹ́ fún un. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí wọ́n sọ fún wa pé ìfẹ́ ìlú nìkan ló jẹ́ kí ajagunfẹ̀yìntì, lọ́yà àti ọlọ́rọ̀ máa pọ̀ nínú àwọn tó ń jáde. Ẹni tí àyè gbà ló ń jáde.

Ìbéèrè kejì ni mo fi bẹ̀rù díẹ̀ kí n tó bi í. Mo ní ẹ̀gbọ́n kan ní Killeen, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Fort Hood, ọmọ Ìjẹ̀bú, tó fi ọdún 22 ṣe ṣọ́jà Amẹ́ríkà, tó sì fara gbọgbẹ́. Láti ọdún 2009, òfin Texas ti sọ pé ajagunfẹ̀yìntì tí wọ́n bá kà sí aláàbọ̀ ara ní ìdá ọgọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún kò ní san owó-orí kankan lórí ilé tó ń gbé. Ó tọ́, ó sì yẹ. Ṣùgbọ́n irú wọn pọ̀ ní Killeen, owó tí ìlú náà kò rí gbà sì pọ̀. Ìjọba ìpínlẹ̀ ń dá díẹ̀ padà fún àwọn ìlú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bárékè, àwọn aláṣẹ ìlú náà sì ti ń ké tipẹ́ pé kò tó. Ẹ̀gbọ́n fúnra wọn ló sọ ọ́ fún mi lórí fóònù: "Àbúrò mi, Texas ló ṣèlérí fún mi, aládùúgbò mi ló ń san án."

Mo tún ọ̀rọ̀ yẹn sọ fún àlejò mi. Ó dákẹ́. Ó ní òun náà wà lára àwọn tí kì í san án, òun kò sì rò ó rí pé ẹnì kan ń san án. Ó wá ní, "Mà, mi ò mọ ìdáhùn ìyẹn. Màá lọ wádìí rẹ̀, màá sì padà wá."

Nínú gbogbo ohun tó sọ lọ́jọ́ yẹn, ìyẹn ló wọ̀ mí lára jù. Kò sí ẹni tó bá wa sọ irú rẹ̀ rí lórí rédíò láyé ìgbà tí mo wà lọ́mọdé.

Ó máa padà wá ní Sátidé yìí, lẹ́yìn aago mẹ́rin, mo máa ti sùn dáadáa. Ìwé rẹ̀ wà lára fíríìjì, mo yí àwòrán náà kọjú sí ìlẹ̀kùn, mo kọ ìbéèrè mi sẹ́yìn: omi, ọ̀nà 380, àti ta ni ó máa san owó tí Texas ṣèlérí. Bí alátakò rẹ̀ bá kan ilẹ̀kùn kó tó dìgbà yẹn, ìwé kan náà ló máa bá.