Ṣéńjì So Wá Pọ̀

(Gáréèjì ọkọ̀ Ṣágámù ní Ìjẹ̀bú-Òde, àárọ̀ ọjọ́ Ajé. Okùn ni wọ́n fi so ilẹ̀kùn bọ́ọ̀sì mọ́ra. Akọ̀wé ti jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó gbé fáìlì kan lé itan bí ọmọ ìkókó. Àpò gààrí kan wọlé, Ìyá Onígààrí tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá ti bá Ìyá Onígààrí wọkọ̀ rí mọ̀ pé gààrí ló máa ń kọ́kọ́ jókòó.)

ÌYÁ: Ọmọ mi, sún díẹ̀.

AKỌ̀WÉ: Ẹ káàárọ̀, mà. Ibo ni n ó tún sún sí? Fèrèsé nìyí.

ÌYÁ: Ta ló ní kí o sún? Fáìlì ẹ ni mò ń bá wí. Gbé e nàró, kí gààrí ráyè.

AKỌ̀WÉ: Ìwé iléeṣẹ́ ni, mà. Kò gbọdọ̀ ká.

ÌYÁ: Gààrí náà kò gbọdọ̀ dà.

(Fáìlì nàró.)

KỌ̀ǸDỌ́: Ṣágámù kù ẹnìkan! Ẹnìkan péré! Ẹ mú ṣéńjì yín dání o!

AKỌ̀WÉ: Kọ̀ǹdọ́, láti aago mẹ́fà ààbọ̀ ló ti ku ẹnìkan.

KỌ̀ǸDỌ́: Ẹni náà ló pẹ́, bọ̀dá. Bọ́ọ̀sì ò pẹ́.

(Ọmọbìnrin kan sáré dé, ó wọlé. Ni àwọn mẹ́ta tó ti jókòó sẹ́yìn látàárọ̀ bá dìde, wọ́n gbọn ṣòkòtò, wọ́n bọ́ sílẹ̀, wọ́n lọ jókòó sínú bọ́ọ̀sì Ìbàdàn.)

AKỌ̀WÉ: Ẹ̀n-ẹ́n! Àwọn yẹn ńkọ́?

KỌ̀ǸDỌ́: Iṣẹ́ ni wọ́n lọ. Ọmọ gáréèjì ni wọ́n, a kàn ní kí wọ́n bá wa jókòó kí ọkọ̀ má baà ṣófo lójú. Ṣágámù kù ẹni mẹ́ta!

ÌYÁ: Èyí tó dé fìlà yẹn! Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo bù nínú búrẹ́dì mi fún un. Mo tún ní kó bá mi kí wọn nílé tó bá dé Ṣágámù.

AKỌ̀WÉ: Kí ló fèsì?

ÌYÁ: Ó ní wọ́n á gbọ́.

(Wọ́n jókòó. Oòrùn bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé láti ẹ̀gbẹ́ Akọ̀wé, nítorí pé bí èèyàn bá fi ọgbọ́n yan ẹ̀gbẹ́ nínú ọkọ̀, ẹ̀gbẹ́ yẹn náà loòrùn ń wá.)

ÌYÁ: Ibo lo ń gbé ìwé lọ?

AKỌ̀WÉ: Abẹ́òkúta, mà. Tí mo bá dé Ṣágámù, n ó wọ ọkọ̀ míì. Ìpàdé ni, aago mẹ́wàá.

ÌYÁ: Ìpàdé kí ni?

AKỌ̀WÉ: Ti bí iléeṣẹ́ wa ṣe máa dín owó ìrìnnà òṣìṣẹ́ kù.

ÌYÁ: Ẹ̀yin mélòó lẹ máa péjọ?

AKỌ̀WÉ: Ẹni mẹ́jọ, láti ẹ̀ka mẹ́jọ.

ÌYÁ (ó ń ka ìka): Ẹni mẹ́jọ á wọkọ̀ lọ, ẹni mẹ́jọ á wọkọ̀ bọ̀, wọ́n á tún jẹun ọ̀sán, kí wọ́n lè pinnu pé kí ẹnikẹ́ni má wọkọ̀ mọ́.

AKỌ̀WÉ: Bí ẹ ṣe sọ ọ́ yẹn, kò dùn létí.

ÌYÁ: Bóo ni wọ́n ṣe kọ ọ́ sínú fáìlì?

AKỌ̀WÉ: ... Bẹ́ẹ̀ náà ni.

ÌYÁ: Láti 1976 tí wọ́n ti dá Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀, ohun gbogbo Abẹ́òkúta, Abẹ́òkúta. Ìdí tí a fi ń pariwo Ìpínlẹ̀ Ìjẹ̀bú nìyẹn. Ká ní wọ́n ti fún wa ni, ojúlé kejì báyìí lò bá ti ṣèpàdé ẹ, o ò bá ti padà wá jẹ ikọ́kọrẹ́.

AKỌ̀WÉ: Ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ ni mí, mà. Ará Rẹ́mọ. Tí olú ìlú bá wà ní Ìjẹ̀bú-Òde, àwa náà ò ní í yéé wọkọ̀.

ÌYÁ: Ọmọ Ìkẹ́nnẹ́! Abájọ tó fi ń di fáìlì mú bíi pé wọ́n fẹ́ dìbò fún un.

(Fóònù Akọ̀wé dún. Ó nà ṣánṣán lórí ìjókòó, bíi pé ọ̀gá ń wò ó.)

AKỌ̀WÉ: Ẹ káàárọ̀, sà. Mo ti jìnnà, sà. A ti kọjá Ṣágámù, a ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Ṣíun.

KỌ̀ǸDỌ́ (ó ti orí bọ fèrèsé, létí fóònù gan-an): Ìjẹ̀bú-Òde sí Ṣágámù, kù ẹnìkan!

AKỌ̀WÉ: Rédíò ni, sà. Rédíò inú ọkọ̀.

ÌYÁ: Rédíò tó jẹ àlùbọ́sà.

AKỌ̀WÉ: Ẹ̀yin ti jókòó, sà? Ẹ ti gbàdúrà ìbẹ̀rẹ̀? Ẹ má bínú, sà. (Ó tẹ́tí.) Sà... kí ni wọ́n ń pè níbẹ̀ yẹn? Ó dà bíi pé mo gbọ́ “Ògìjó, Ṣágámù, wọlé pẹ̀lú ṣéńjì ẹ”... Áà. Rédíò yàrá ìpàdé. Ó yé mi, sà.

ÌYÁ: Rédíò pọ̀ lónìí.

(Ọkọ̀ gbéra. Kò sí ohun tí n ó sọ nípa ìrìn náà ju pé kò pẹ́ tí wọ́n fi já sínú kòtò kan, tí gààrí fò, tí fáìlì fò, tí Akọ̀wé pe orúkọ Jésù, tí Ìyá pe ti Dírẹ́bà.)

AKỌ̀WÉ: Ẹ wo kòtò!

ÌYÁ: O ò tíì rí kòtò. Èrèdò Sùǹgbọ́, yàrà àtijọ́ tó yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká, lé ní 160 kìlómítà, ibòmíì wà tó ga tó mítà 20 láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Ṣùgbọ́n ìyẹn, a mọ̀ pé Bilikísù Sùǹgbọ́ ni wọ́n ní ó gbẹ́ ẹ. Ta ló gbẹ́ tiwa yìí?

DÍRẸ́BÀ: Ẹ má wò mí, mà. Bí mo ṣe bá a nìyẹn.

(Wọ́n dé Ṣágámù. Owó ọkọ̀ jẹ́ ₦1,500. Akọ̀wé ti san ₦2,000, Ìyá náà ti san ₦2,000. Kọ̀ǹdọ́ na ₦1,000 kan sí àárín àwọn méjèèjì.)

KỌ̀ǸDỌ́: Mo so yín pọ̀.

AKỌ̀WÉ: Má so wá pọ̀! Mo ní ìpàdé!

KỌ̀ǸDỌ́: Ẹ bá ara yín sọ ọ́. Ẹni tí kò bá mọ inú ilé kì í bá wọn dá sí i.

(Ó ti lọ. Owó wà lọ́wọ́ Ìyá. Sẹ́lótéépù gba àárín rẹ̀ kọjá bí ojú ọ̀nà, ó sì ń rùn bí ẹja tútù.)

AKỌ̀WÉ: Ẹ jẹ́ kí n fi tíránsífà ránṣẹ́ sí yín, mà, kí n mú owó náà.

ÌYÁ: Fóònù mi ò ní ju tọ́ọ̀ṣì lọ. Tíránsífà tí mi ò rí, ṣé n ó fi ra ata?

AKỌ̀WÉ: Ó dáa, ẹ jẹ́ ká wá oní-POS kó bá wa ṣẹ́ ẹ. Ó lè gba ọgọ́rùn-ún náírà.

ÌYÁ: Kí n sanwó kí n tó gba owó ara mi? Kí òyìnbó tó dé ni Ìjẹ̀bú ti ń náwó, a ò náwó bẹ́ẹ̀ rí. Wò ó, n ó wọn gààrí ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà fún ẹ, ká túká. Tọ́ ọ wò.

(Ó fi ìka mẹ́ta bù ú. Ó wẹ́ bí iyanrìn etí odò. Akọ̀wé dà á sẹ́nu, ó ń ró kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́, ojú rẹ̀ ọ̀tún sì dì fúnra rẹ̀.)

AKỌ̀WÉ: Ó kan gan-an!

ÌYÁ: Ó lé lọ́jọ́ mẹ́ta lábẹ́ òkúta. Kí lo fẹ́ kó ṣe, kó dùn?

AKỌ̀WÉ: Gààrí dára, mà, àmọ́ mi ò lè gbé gààrí wọ ìpàdé. Èèyàn ńlá ló wà níbẹ̀.

ÌYÁ: Èèyàn ńlá ò mu gààrí? Ó dáa. Bá mi ru àpò dé Sábó, oníbàárà mi á ṣẹ́ owó fún wa.

AKỌ̀WÉ (àpò ti wà lórí): Ẹ wo àwọn méjì tó wà lára owó yìí, mà. Mai-Bornu àti Isong. Gómìnà báńkì àpapọ̀ làwọn méjèèjì nígbà ayé wọn.

ÌYÁ: Wọ́n so àwọn náà pọ̀. Ṣé wọ́n ti rí ṣéńjì?

(Ní Sábó, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkìtì obì gbàǹja, ọkùnrin kan tó de táì dúró pẹ̀lú Bàbá Olóbì. Bàbá di etí kan ₦1,000 mú, onítáì di etí kejì. Akọ̀wé rí táì náà, àpò fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́.)

AKỌ̀WÉ: Ẹ... ẹ káàárọ̀, sà. Ìpàdé ńkọ́, sà?

Ọ̀GÁ: Ó ń lọ lọ́wọ́. (Ó wo àpò gààrí, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀.) Ẹ ò ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta méjì lọ́wọ́?

ÌYÁ: Ẹ̀n-ẹ́n, rédíò yàrá ìpàdé rèé! Bàbá, ẹ kú ọjà o. Bọ́ọ̀sì wo ló so yín pọ̀?

BÀBÁ OLÓBÌ: Ti Ìkòròdú. Ó ti ṣe díẹ̀ tí a ti jọ wà. Ó ti bá mi ṣa obì tán.

ÌYÁ: Ẹ gbọ́. Owó méjì, èèyàn mẹ́rin. Inú ọjà kan náà lèmi àti Bàbá wà, ká mú ọ̀kan. Iléeṣẹ́ kan náà lẹ̀yin méjèèjì, ẹ mú ọ̀kan. Ó parí.

Ọ̀GÁ: Ọlọ́run ló rán yín, mà!

(Ọ̀gá gba ₦1,000, ó ká a sí méjì, ó tì í bọ àpò àyà, ó fi ọwọ́ tẹ ojú àpò náà lẹ́ẹ̀mejì.)

Ọ̀GÁ: Tí a bá dé Abẹ́òkúta, Akọ̀wé, a ó wò ó.

(Akọ̀wé wo àpò àyà náà. Ó ti ń bá ọ̀gá yìí ṣiṣẹ́ bọ̀ ọjọ́ pẹ́.)

AKỌ̀WÉ: Ìyá! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró! Gààrí yẹn, ṣé ẹ ṣì lè wọ̀n ọ́n?