Yàrá Kan, Ológbò Mẹ́tàlélógún

Òórùn ló kọ́kọ́ pàdé wa lẹ́nu ọ̀nà. Òórùn ìtọ̀ ológbò tó ti pẹ́ nílẹ̀, tó ń ta ní imú débi pé omi bọ́ lójú wa. Lẹ́yìn náà la wá ń gbọ́ tí àwọn ológbò ń sín, ọ̀kan tẹ̀lé òmíràn. Ilé kan lẹ́yìn Òkè-Àró, níbí nílùú Àkúrẹ́, ni ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀. Màmá tó ni ilé náà ti lé ní ọgọ́ta ọdún, aláàánú èèyàn sì ni wọ́n. Ológbò tí wọ́n bá rí nínú gọ́tà, èyí tí àwọn ọmọdé ń sọ lókò, èyí tí ẹnìkan dì sínú àpò tó jù sẹ́yìn ọjà, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń gbé wálé. Orí ẹja ṣáwá tí wọ́n bá rí ṣà jọ ní Ọjà Ọba ni wọ́n fi ń bọ́ wọn. A ka àwọn tó wà nínú yàrá náà lẹ́ẹ̀mejì, kí ó má di pé a ṣì í kà. Mẹ́tàlélógún ni wọ́n. Abọ́ oúnjẹ kan, ike omi kan àti páànù iyanrìn kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń lò.

Ọ̀kan wà ní kọ̀rọ̀, aláwọ̀ eérú, tó kọjú sí ògiri. Ipin ti lẹ ojú rẹ̀ méjèèjì pọ̀, ikun ti gbẹ mọ́ imú rẹ̀. Màmá ní, "Ọ̀fìnkìn lásán ni, ẹ̀yin ọmọ mi. Mo ti fún un ní ìdajì párásítámọ̀ láàárọ̀ yìí." A pe dókítà ẹranko kan lórí fóònù lójú ẹsẹ̀, ó pariwo: "Ẹ bẹ̀ wọ́n o, kí wọ́n má fún un mọ́!" Májèlé ni párásítámọ̀ fún ológbò. Ẹ̀dọ̀ rẹ̀ kò lè fọ́ oògùn náà túútúú bí ẹ̀dọ̀ èèyàn ti ń ṣe, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò sì ní lè gbé atẹ́gùn kiri ara mọ́. Ìdajì kóró kan tó láti pa á. Nígbà tí a padà lọ lọ́jọ́ kejì, wọ́n ti sin ín sẹ́yìn kànga, Màmá sì jókòó sórí àpótí, wọn ò lè sọ̀rọ̀.

A kò kọ èyí láti bá wọn wí. Ta ló kọ́ wọn? Ọ̀dọ̀ ta ni wọn ì bá lọ? Ohun tí a fẹ́ sọ ni pé kíkó ológbò jọ yàtọ̀ sí títọ́jú wọn. Ibi tí a bá kó wọn sí láìsí abẹ́rẹ́ àjẹsára, láìsí àyè, láìsí dókítà, láìsí ọ̀nà tí wọn yóò gbà jáde lọ sí ilé tuntun, àrùn ni yóò pa wọ́n níbẹ̀. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Oǹdó ló sì yẹ kó ṣáájú nínú àtúnṣe bí a ṣe ń tọ́jú ológbò tí kò ní ilé, nítorí pé ìpínlẹ̀ wa nílò ológbò tó lera ju ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ lọ.

A mọ̀ pé ẹlòmíràn ti ń sọ lọ́kàn pé ebi ń pa ọmọ èèyàn, ẹ ń sọ̀rọ̀ ológbò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yí ojú sí Ọ̀wọ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́kọ́ dá ibà Lásà mọ̀ ní 1969, ní abúlé Lassa ní Borno, àrùn náà kò fi wá sílẹ̀. Lọ́dọọdún ni orúkọ Oǹdó, Ẹdó àti Bauchi máa ń wà lókè nínú àkọsílẹ̀ NCDC, àjọ tó ń dènà àrùn ní Nàìjíríà, ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Ọ̀wọ̀ sì ti di ibi tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ ìtọ́jú rẹ̀. Eku ló ń gbé e wá, eku kan tí ọmú pọ̀ lábẹ́ ikùn rẹ̀, tó máa ń ti oko wọlé. Yóò tọ̀ sórí gaàrí àti elùbọ́ tí a sá sí ẹ̀bá títì, àwa náà yóò kó o, a ó rò ó, a ó jẹ ẹ́. Nínú ìmọ̀ràn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi síta lórí bí a ṣe lè dènà ibà Lásà, wọ́n ní ká máa fi oúnjẹ sínú ohun tí eku kò lè wọ̀, ká da ìdọ̀tí jìnnà sílé, ká tún ilé ṣe, ká sì máa ní ológbò nílé. Bẹ́ẹ̀ ni, ológbò wà nínú rẹ̀. Bí ológìnní bá re àjò, ilé á di ilé èkúté: àwọn baba wa kò nílò Àjọ Ìlera Àgbáyé tó wà ní Geneva kí wọ́n tó mọ èyí.

Kí wá ni àwa ń ṣe fún ẹran yìí? A ń pè é ní àjẹ́, a ń sọ ọ́ lókò. A ń da ọ̀tápiàpià sílẹ̀ fún eku. Eku jẹ ẹ́, ológbò jẹ eku, ológbò kú, eku mìíràn sì wọlé lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e. Èyí tí ó bá sì bọ́ lọ́wọ́ wa, ó di ti aláàánú bí i Màmá yìí, tí yóò gbé e sínú yàrá tí àrùn ti kún.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò yàrá náà. Yàrá ẹsẹ̀ bàtà 12 lọ́nà 12 ni, irú èyí tí gbogbo wa mọ̀ nílé ìyálégbé. Ìlànà tí ẹgbẹ́ àwọn dókítà ẹranko tó ń ṣiṣẹ́ nílé ààbò, ibi tí wọ́n ń gba ẹran tí kò ní ilé sí, ní Amẹ́ríkà gbé jáde ní 2010 ní pé bí àwọn ológbò tó ti dàgbà bá jọ wà lójú kan, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ilẹ̀ tó tó ẹsẹ̀ bàtà 3 níbùú, 6 lóòró, kí oúnjẹ àti ibi tí wọ́n ń yàgbẹ́ sí sì fi ẹsẹ̀ bàtà 2 jìnnà síra. Ológbò 8 péré ló gba yàrá 12 lọ́nà 12. Ológbò kì í ṣe ewúrẹ́ tí ń fẹ́ wà nínú agbo. Bí a bá há a mọ́ àwọn tí kò mọ̀ rí, àyà rẹ̀ á máa já lọ́sàn-án lóru, àìbalẹ̀ ọkàn yẹn ló sì ń jí àrùn tó fara pamọ́ sínú ara rẹ̀. Kòkòrò tó ń fa irú ọ̀fìnkìn tí a rí yẹn, bí ó bá ti wọ ológbò lára lẹ́ẹ̀kan, ó sábà máa ń gbé ibẹ̀ títí ayé ni, tí yóò máa yọjú nígbà tí ìnira bá dé bá a.

Èyí tó burú ju ọ̀fìnkìn lọ ni àrùn tó ń mú èébì àti ìgbẹ́ gbuuru wá, tó ń pa àwọn ọmọ ológbò bí ẹni gbá ewé. Kòkòrò rẹ̀ lè wà lórí ilẹ̀ fún ọdún kan. Ọṣẹ kò pa á; àfi kí a fọ ilẹ̀ tán, kí a tún fi bílíìṣì nù ún. Oríṣi abẹ́rẹ́ àjẹsára kan ṣoṣo ló ń dènà òun àti kòkòrò ọ̀fìnkìn méjì tó gbajúmọ̀ jù, ọjọ́ tí ológbò bá wọ ilé ààbò gan-an ló yẹ kó gbà á. Ọmọ tó bá ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lè bẹ̀rẹ̀, wọn yóò sì máa tún un gún un títí yóò fi tó oṣù márùn-ún. Kí ológbò tuntun dá wà fún ọ̀sẹ̀ méjì kó tó dara pọ̀ mọ́ àwọn tó kù. Kí wọ́n máa jẹ ẹja tàbí ẹran lójoojúmọ́, nítorí èròjà kan wà nínú ẹran tí ológbò kò lè ṣe fúnra rẹ̀. Bí èbà olómi ọbẹ̀ bá di oúnjẹ rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, ojú rẹ̀ lè fọ́, ọkàn tó ń tú ẹ̀jẹ̀ ká ara rẹ̀ sì lè di aláìlágbára.

Ohun kan wà tí kò ná wa ní kọ́bọ̀. Ní 2014, àwọn olùwádìí láti Yunifásítì Utrecht ní Netherlands fún ológbò 10 tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé ààbò ní àpótí tí wọ́n lè sá pamọ́ sí, wọn kò fún 9 mìíràn. Láàárín ọjọ́ mélòó kan ni ara àwọn tó ní àpótí ti balẹ̀ ju ti àwọn tó kù lọ. A gba páálí Indomie mẹ́rin lọ́wọ́ oníṣọ́ọ̀bù tó wà níwájú ilé Màmá, a gé ojú sí wọn lára. Kí a tó nàró tán, abo kan tó lóyún ti wọ inú ọ̀kan, ó ká ẹsẹ̀ mọ́ra, ó di ojú.

Abo yẹn gan-an ni ìdí ọ̀rọ̀. Oṣù méjì péré ni oyún ológbò, abo tó bá sì pé oṣù mẹ́rin tàbí márùn-ún lè lóyún. Ẹni tó bá gba mẹ́rin sílé lónìí láìtẹ akọ lọ́dàá, láìṣe iṣẹ́ abẹ tí kò ní jẹ́ kí abo lóyún mọ́, kò ní pẹ́ tó fi ní ogún. Iṣẹ́ abẹ yìí kò ní kí ológbò má pa eku mọ́.

Nítorí náà, a kò bẹ ìjọba pé kí wọ́n kọ́ ilé ńlá kan sí Alágbàka, àdúgbò àwọn ilé iṣẹ́ ìjọba ní Àkúrẹ́, kí wọ́n wá gé rìbọ́ọ̀nù. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Kí ilé iṣẹ́ ètò ọ̀gbìn kọ́kọ́ mú ọjọ́ kan lóṣù ní ilé ìwòsàn ẹranko rẹ̀, tí ẹni tó ń tọ́jú ológbò tí kò ní ilé yóò kó wọn wá fún abẹ́rẹ́ àti iṣẹ́ abẹ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ̀ka tó ń kọ́ nípa ẹran ọ̀sìn àti ìlera wọn wà ní FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Àkúrẹ́. Kí wọ́n rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wá kọ́ àwọn aláàánú wa ní ìmọ́tótó àti ìyàsọ́tọ̀. Ológbò tó bá ti gba abẹ́rẹ́, tó ti ṣe iṣẹ́ abẹ, kí wọ́n fi lé ìdílé tó fẹ́ ẹ lọ́wọ́, pàápàá àwọn tó ń ta gaàrí àti àwọn tí eku ń dà láàmú ní Ọ̀wọ̀ àti agbègbè rẹ̀. Ibi tí ológbò ń gbà kọjá ló yẹ kí ilé ààbò jẹ́. Òfin náà ń fẹ́ àtúnṣe: abala 495 nínú Òfin Ìwà Ọ̀daràn Nàìjíríà ní kí ẹni tó bá fìyà jẹ ẹranko lọ sẹ́wọ̀n oṣù 6 tàbí kí ó san náírà 50. Náírà 50!

Ọjọ́ 28, oṣù Kẹsàn-án, ni àyájọ́ àrùn dìgbòlugi lágbàáyé. Ajá ni gbogbo ènìyàn ń rò, ṣùgbọ́n ológbò náà lè ní in, kó sì fi eyín gbé e fún wa. Kí ìjọba bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ àti iṣẹ́ abẹ ọ̀fẹ́ náà lọ́jọ́ yẹn. Kí wọ́n ya ìlà kan sọ́tọ̀ fún àwọn tó gbé ológbò wá, kí wọ́n sì jẹ́ kí Màmá Òkè-Àró wà níwájú. Méjìlélógún ló kù lọ́wọ́ wọn, ọ̀kan nínú wọn sì ń bímọ lọ́sẹ̀ yìí.