VLAN kì í ṣe ògiri

VLAN ni ọ̀nà tá à ń gbà pín àwọn ẹ̀rọ tó wà lórí switch kan (àpótí tí wáyà gbogbo wọn já sí) sí ẹgbẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Bí ẹ bá jókòó ti àwa tá à ń fa wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì káàkiri Ìbàdàn, kò ní pẹ́ tẹ́ ẹ máa gbọ́ ọ: "Mo ti pín wọn sí VLAN ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, wọn ò lè rí ara wọn mọ́." Irọ́ ni o. Èmi náà sọ ọ́ fún oníbàárà mi kan ní Bódìjà, mo tiẹ̀ ti gbowó lórí ẹ̀.

Àwọn akáúńtì wà lórí 192.168.10.0/24, wáífáì àlejò wà lórí 192.168.20.0/24. Layer 3 switch kan ṣoṣo (irú èyí tó lè gbé dátà láti nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan sí òmíràn) ló gbé méjèèjì, mo sì fún VLAN kọ̀ọ̀kan ní àdírẹ́sì tiẹ̀ kí wọ́n lè rí íntánẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, mo jókòó sórí àga àlejò, mo fi fóònù tẹ àdírẹ́sì ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àwọn akáúńtì. Ojú ìwé ẹ̀ ṣí gbayawu! Mo gbé láptọ́ọ̀pù, mo fi ping (àṣẹ tó ń wò ó bóyá ẹ̀rọ kan á dáhùn) kàn án: ó dáhùn, TTL (nọ́ńbà kan tó ń bá dátà rìn) jẹ́ 63. Nínú ọ́fíìsì akáúńtì, 64 ló ń mú wá. Ẹnikẹ́ni tó bá ti gbé páákẹ́ẹ̀tì (ẹyọ dátà) láti subnet kan (ẹgbẹ́ àdírẹ́sì, bíi 10 àti 20 yẹn) bọ́ sí òmíràn ló ń yọ ẹyọ kan nínú TTL. Ta ló wà láàárín wọn? Switch tí mo fọwọ́ ara mi gbé kalẹ̀.

VLAN ń yà wọ́n lóòótọ́, ṣùgbọ́n ní layer 2 ni, ìyẹn ibi tí dátà ti ń lọ láàárín àwọn ẹ̀rọ inú ẹgbẹ́ kan náà. Tẹ́ ẹ bá ti tan "ip routing" (àṣẹ tó ń jẹ́ kí switch gbé dátà láti VLAN kan sí òmíràn), tí VLAN méjèèjì ní àdírẹ́sì, switch á mọ ọ̀nà méjèèjì láìjẹ́ pé ẹ kọ nǹkan kan fún un. Ẹ tẹ "show ip route", ẹ óò bá wọn níbẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà C (connected, ìyẹn pé ó so mọ́ switch fúnra ẹ̀) níwájú. Bíi yàrá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nínú ilé kan ni: switch ni ọ̀ọ̀dẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ti ilẹ̀kùn.

Access list, ìyẹn àkọsílẹ̀ ohun tó lè kọjá àti ohun tí kò lè kọjá, ló ń ti ilẹ̀kùn. Mo kọ ọ́ sórí VLAN 20, ní "in" (ohun tó ń wọlé: ẹ̀gbẹ́ switch lẹ ti ń wò ó, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ àlejò), pé kí 20 má lọ sí 10. Inú mi dùn, mo gun ọ̀kadà. Mi ò tí ì dé Mọ́kọ́lá tí ọ̀gá ibẹ̀ fi pè mí: íntánẹ́ẹ̀tì àwọn àlejò ti kú pátápátá. Mo ti gbàgbé pé deny kan (àṣẹ tó ń dí gbogbo ohun tí ẹ ò dárúkọ) fara pamọ́ sí ìparí gbogbo access list. Mo ní kí ọlọ́kadà yí padà, mo lọ fi "permit ip any any" (kí gbogbo ìyókù kọjá) sí ìsàlẹ̀.