Yáàdì 101 tí Saquon Barkley fi sílẹ̀

Bí wọ́n bá dárúkọ sáà 2024 tí Philadelphia Eagles fi gba Super Bowl, àṣekágbá bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà, àmì ayò 40 sí 22 tí wọ́n fi na Kansas City Chiefs ní New Orleans ló máa ń wá sí ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn. Èmi o, ọjọ́ tí Saquon Barkley, agbábọ́ọ̀lù wọn, jókòó tí kò gbá bọ́ọ̀lù ni mo máa ń rántí.

Ẹ̀yin tí ẹ kì í wo bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà, iṣẹ́ Barkley ni kó gbá bọ́ọ̀lù mọ́ àyà, kó máa sáré gba àárín àwọn géńdé tó fẹ́ gbé e ṣánlẹ̀. Wọ́n á wá ka iye yáàdì tó sá. Lọ́dún 1984, Eric Dickerson sá 2,105 fún ẹgbẹ́ Rams ní sáà kan, láì ka eré ìyọkúrò tó máa ń tẹ̀lé e, kò sì tíì sẹ́ni tó kọjá rẹ̀. Nígbà tó ku eré kan ṣoṣo kí eré ìyọkúrò tó bẹ̀rẹ̀, Barkley ti sá 2,005. Yáàdì 101 péré ló kù kó kọjá Dickerson! Ta ni wọ́n sì fẹ́ bá gbá a? New York Giants, ẹgbẹ́ tó fi ọdún mẹ́fà sìn kó tó wá sí Philadelphia.

Ṣùgbọ́n ipò Eagles nínú eré ìyọkúrò ti dájú, eré yẹn ò lè fi nǹkan kan kún un. Kóòṣì Nick Sirianni ní kó sinmi. Ó sinmi. Mi ò ní purọ́, inú bí mi lọ́jọ́ náà. Mo ní wọ́n fi ẹ̀tọ́ rẹ̀ dù ú.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ìyẹn, 19 oṣù Kìíní 2025, yìnyín bo pápá ní Philadelphia. Rams kan náà yẹn ló wá fún eré ìyọkúrò. Barkley sá 205! Nígbà tó já fún 78 yáàdì, yìnyín ń ta lẹ́yìn bàtà rẹ̀, mo ti dìde lórí àga kó tó dé ìlà. Ibẹ̀ ni ìbínú mi ti tán. Ẹsẹ̀ tó sinmi ló sá eré yẹn.

Ní Super Bowl, ọjọ́ ìbí rẹ̀ gan-an, Chiefs dì í mú, 57 péré ló rí sá. Bí wọ́n ti tẹjú mọ́ ọn ni Jalen Hurts, ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù fún Eagles, ń jù ú kọjá lórí wọn. Nígbà ìsinmi, ó ti di 24 sí òdo. (Moro Ojomo, ọmọ Nàìjíríà tiwa, wà nínú ẹgbẹ́ yẹn. Orí mi wú.)

Bí a bá ka gbogbo eré tó gbá ní sáà yẹn dé Super Bowl, 2,504 ni Barkley sá, kò sẹ́ni tó ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n nítorí pé wọn kì í ka eré ìyọkúrò mọ́ ọn, Dickerson ló ṣì ni àmì 2,105 yẹn. Kó máa jẹ́ tirẹ̀, ó tọ́ sí i.