Ẹsẹ̀ àti Ẹ̀jẹ̀ Ni Kí Ẹ Rà, Ẹ Fi Ọ̀ṣọ́ Sílẹ̀

Bí Iléyá bá ti kù fẹ́ẹ́rẹ́, orí Facebook àti àwọn ẹgbẹ́ WhatsApp á kún fún ìpolówó ẹṣin. “Ẹṣin Ojúde Ọba rèé o, ọmọ ọdún márùn-ún, kò ní wàhálà, ọmọdé gan-an lè gùn ún, ẹ tètè pè.” Láti ìgbà tí àwòrán Ojúde Ọba ọdún 2024 ti gba ìgboro kan, ẹni tí kò di ìjánu mú rí náà ti ń wá ẹṣin rà. Ìyẹn ò burú, owó ẹni lèèyàn ń ná. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé ọ̀ṣọ́ ni ọ̀pọ̀ ń rà: gàárì aláràbarà, aṣọ ìbora tó ń kọ mànà, ṣaworo ọrùn. Lójú tèmi, nǹkan méjì ló yẹ kéèyàn sanwó fún lára ẹṣin: ẹsẹ̀ rẹ̀ àti ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú ìyókù ló ṣeé tún ṣe, tàbí ká mójú kúrò lára rẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ wo àwòrán tí wọ́n gbé síta dáadáa. Ṣé koríko gígùn bo pátákò rẹ̀? Ṣé ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n ń yà ní gbogbo ìgbà? Ṣé gàárì ò kúrò lẹ́yìn rẹ̀ rí? Ẹni tó ń polówó lè má mọ̀ọ́mọ̀ fi nǹkan pa mọ́, ṣùgbọ́n ibi tí kò yà yẹn gan-an ni kí ẹ béèrè. Ẹ ní kó ṣe fídíò tuntun ránṣẹ́, èyí tí kò gé síra: kí wọ́n bọ́ gàárì, okùn nìkan ni kó wà lórí ẹṣin, kí wọ́n fà á lọ tààrà lórí kọnkéré tàbí ilẹ̀ líle, kí wọ́n fà á bọ̀, kó sì sáré wọ́ọ́rọ́wọ́ bákan náà. Kí wọ́n gbé ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sókè kí ẹ rí àtẹ́lẹ̀ pátákò. Kí ẹnì kan mú bébà tó kọ orúkọ yín àti déètì ọjọ́ náà sí dání lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹṣin. Ẹni tí ẹṣin bá wà ní ilé ẹṣin rẹ̀ lóòótọ́, iṣẹ́ wákàtí kan ni. Èyí tó bá ní kí ẹ fi àsansílẹ̀ ránṣẹ́ ná, pé ẹlòmíràn ti ń bọ̀ lọ́nà, ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn yẹn máa gbé e lọ.

Tí ẹ bá máa lọ wò ó, àárọ̀ kùtù ni kí ẹ lọ, kí ẹ sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má tíì mú un jáde. Ẹṣin tí oríkèé ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń le máa ń tiro nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti fi rìn fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ara rẹ̀ á yá, ẹ ò sì ní rí nǹkan kan mọ́. Bí ẹ bá débẹ̀ tí òógùn ti bo ara rẹ̀, ẹ béèrè ohun tó ń ṣe láti àárọ̀. Oògùn ìrora kan wà tí wọ́n ń pè ní phenylbutazone, tí àwọn ẹlẹ́ṣin ń gé orúkọ rẹ̀ sí “bute”. Ó ń wo ìrora lóòótọ́, ó sì lè bo títiro mọ́lẹ̀ títí tí owó á fi pààrọ̀ ọwọ́. Oògùn mìíràn ni èyí tó ń mú ara ẹṣin wálẹ̀: ètè ìsàlẹ̀ á já wálẹ̀, orí á tẹ̀ sílẹ̀, nǹkan ọmọkùnrin rẹ̀ á yọ síta tí kò ní fà á padà, ẹsẹ̀ rẹ̀ á sì yà gbàgàdà. “Kò ní wàhálà” tí wọ́n kọ sínú ìpolówó, nígbà mìíràn, inú abẹ́rẹ́ ló ti wá. Bí ẹ bá rí irú èyí, ẹ dágbére, kí ẹ padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan láìsọ ọjọ́.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí ńkọ́? Gbogbo ẹṣin tí wọ́n ń tà ló jẹ́ ọmọ ọdún márùn-ún, àbí ẹ ò kíyè sí i? Eyín iwájú ni kí ẹ bi. Eyín àgbà méjì àárín máa ń yọ ní nǹkan bí ọdún 2 àbọ̀, èyí tó tẹ̀ lé wọn ní ọdún 3 àbọ̀, ti ẹ̀gbẹ́ pátápátá ní ọdún 4 àbọ̀. Tó bá fi máa pé ọdún 5, ẹnu ti pé. Lẹ́yìn ìyẹn, ihò dúdú tó wà lórí eyín ìsàlẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í pa rẹ́: ti àárín ní bí ọdún 6, èyí tó tẹ̀ lé e ní 7, ti ẹ̀gbẹ́ ní 8. Ní bí ọdún 10, ilà kan á yọ lẹ́bàá èrìgì lára eyín ẹ̀gbẹ́ tòkè. Tí ilà yẹn bá dé ìdajì eyín, ẹṣin ti tó ọdún 15. Tó bá dé ìsàlẹ̀ pátápátá, ó ti ń lọ sí 20. Ẹṣin tó dàgbà lórí ilẹ̀ oníyanrìn máa ń jẹ eyín rẹ̀ kù ju ti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, nítorí náà ẹ fi ọdún kan tàbí méjì sílẹ̀ fún àṣìṣe. Àgbà ẹṣin kò burú o. Fún ẹni tó fẹ́ gùn ún la àárín èrò, ìlù àti ìbọn kọjá, ẹṣin ọdún 10 tó ti rí ayé dára ju ọmọ ọdún 4 tó ń ta gìrì sí agboòrùn lọ. Ohun tó burú ni kí ẹ san owó ọdún 5 fún ọdún 16.

Ẹ má tíì jẹ́ kó pa ẹnu dé. Irú ìjánu kan pọ̀ lórí ẹṣin tó ń bọ̀ láti Òkè Ọya: ó ní irin tó ga lọ sí àjà ẹnu, ó sì ní òrùka tó yí àgbọ̀n ìsàlẹ̀ ká. Ní ọwọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n lò, ìka kan péré ló fi ń darí ẹṣin. Ní ọwọ́ ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lò, ó ń gé ahọ́n, ó ń fọ́ igun ètè, ó sì ń dá egbò sí abẹ́ àgbọ̀n. Ẹ wo ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Èmi ò bá àwọn tó ń pariwo “ẹ wò ó bó ṣe ń jó!” jó ijó kan náà. Ẹṣin tó ń fò sókè sódò, tó ń la ẹnu gbàgà, tí itọ́ ẹnu rẹ̀ ń ní ẹ̀jẹ̀ nínú, ìrora ló ń bá jà. Èyí tí wọ́n bá kọ́ ní ijó lóòótọ́, á jó, á sì dúró jẹ́ẹ́ nígbà tí wọ́n bá dẹ ìjánu.

Ẹsẹ̀ ló kàn, ibẹ̀ sì ni kí ẹ ti pẹ́ jù. Ẹ fi ọwọ́ méjèèjì ra ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan láti èjìká títí dé pátákò, kí ẹ máa fi ti ọ̀tún wé ti òsì. Ibi tó bá gbóná ju ibi kejì rẹ̀ lọ, tó wú, tàbí tí ẹṣin fa ẹsẹ̀ gbà lọ́wọ́ yín, ẹ padà síbẹ̀. Iṣan tó wà lẹ́yìn egungun ẹsẹ̀ iwájú, lábẹ́ orúnkún, gbọ́dọ̀ le, kó sì tọ́ gbọnrangandan. Bó bá yọ sẹ́yìn bí ọrun, iṣan yẹn ti ya rí, ó sì ṣeé ṣe kó tún ya. Àwọn ilà tó yí pátákò ká ńkọ́? Bí wọ́n bá sún mọ́ra níwájú tí wọ́n sì fẹ̀ síra ní gìgísẹ̀, inú pátákò yẹn ti wú rí. Àìsàn yìí máa ń tẹ̀ lé àjẹjù ọkà, ó sì lè yí egungun inú pátákò padà. Fún ẹṣin tí ẹ fẹ́ gùn, èmi ò ní rà á, kódà kí wọ́n bù ú sí ìdajì owó. Pátákò tó kàn ń rùn, tó ní nǹkan dúdú nínú kòtò àtẹ́lẹ̀ rẹ̀, ìdọ̀tí àti omi ilé ẹṣin ló fà á. Ìyẹn ń lọ bí wọ́n bá gé e, tí wọ́n fọ̀ ọ́, tí wọ́n sì jẹ́ kí ilẹ̀ tó ń dúró sí gbẹ. Lílà pátákò tó gùn dé ibi tí irun bẹ̀rẹ̀, ẹ bẹ̀rù rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ dúró sí iwájú, kí wọ́n mú un sáré wọ́ọ́rọ́wọ́ bọ̀ wá bá yín pẹ̀lú okùn dídẹ̀. Orí ni kí ẹ máa wò. Bí ẹsẹ̀ iwájú kan bá ń dùn ún, á gbé orí sókè nígbà tí ẹsẹ̀ tó ń dùn bá kanlẹ̀, á sì tẹ orí sílẹ̀ nígbà tí èyí tó sàn bá kanlẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló ń tú ọ̀rọ̀ yìí sódì, tí wọ́n ń lọ fi epo ra ẹsẹ̀ tí kò ṣe nǹkan kan. Ti ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, ẹ dúró sẹ́yìn: ìbàdí ẹ̀gbẹ́ tó ń dùn máa ń lọ sókè sódò ju ìkejì lọ. Kí wọ́n tún yí i po lọ́tùn-ún àti lósì lórí ilẹ̀ líle, torí títiro kékeré kì í hàn ní ọ̀nà tààrà. Bí dókítà ẹranko bá bá yín lọ, á ká oríkèé kọ̀ọ̀kan fún bí ìṣẹ́jú kan, á sì ní kó sáré lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó ń tà tó kọ̀ jálẹ̀ fún èyí ti dá yín lóhùn.

Ẹ̀yìn àti ojú kò gba àkókò. Irun funfun tó hù ní kélekèle níbi tí gàárì ń jókòó sí, àpá egbò àtijọ́ ni. Bí ẹ bá fi àtàǹpàkò tẹ ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá ẹ̀yìn tí ẹṣin rì sílẹ̀, egbò náà kò tíì di àtijọ́. Kí wọ́n di gàárì níṣojú yín, kí ẹ sì máa wo etí rẹ̀. Kí wọ́n fà á gba àárín nǹkan méjì tó fún kọjá, kí ẹ lè mọ̀ bóyá ojú méjèèjì ń ríran, torí jíju ọwọ́ níwájú ojú lè tàn yín: atẹ́gùn ọwọ́ lásán ti tó láti mú kó ṣẹ́jú.

Wàyí o, ẹ̀jẹ̀. Láti ayé Ọ̀yọ́-Ilé ni wàhálà yìí ti wà. Òkè Ọya ni àwọn ológun Ọ̀yọ́ ti ń ra ẹṣin, bí wọ́n bá sì ti wọ ilẹ̀ igbó, eṣinṣin tsetse kì í jẹ́ kí ẹṣin pẹ́. Kòkòrò àrùn tí eṣinṣin yìí ń gbé sínú ẹ̀jẹ̀ ṣì wà. Ẹṣin tó ní in á máa ní ibà tó ń lọ tó ń bọ̀, á máa rù bó tilẹ̀ ń jẹun, abẹ́ ikùn àti ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa wú, èrìgì rẹ̀ á sì máa funfun. Ẹ ṣí ètè rẹ̀: èrìgì tó dára ní àwọ̀ pupa fẹ́ẹ́rẹ́, bí ẹ bá sì fi ìka tẹ̀ ẹ́ kó funfun, kò gbọdọ̀ ju ìṣẹ́jú àáyá 2 lọ kí àwọ̀ náà tó padà. Èyí tó bá pọ́n bí ìyeyè, ẹ ronú nípa àrùn tí eégbọn ń gbé wọ ẹ̀jẹ̀, pàápàá bí ìtọ̀ rẹ̀ bá dúdú.

Ṣùgbọ́n ojú lásán kò tó. Owó àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kò já mọ́ nǹkan kan lára owó ẹṣin. Dókítà ẹranko lè fa ẹ̀jẹ̀ kó sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ẹranko ti Yunifásítì Ìbàdàn tàbí ti Ìlọrin. Kí ẹ ní kí wọ́n ka PCV, ìyẹn ìpín sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀. Nǹkan bí 32 sí 48 nínú ọgọ́rùn-ún ló yẹ kó wà. Bó bá kéré sí 32 dáadáa, kódà bí wọn ò rí kòkòrò kankan, ẹ má sanwó, ẹ tún un ṣe, torí kòkòrò yìí máa ń sá pamọ́ láàárín ibà kan sí èkejì. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi abẹ́rẹ́ tó ń gún fún màlúù “kàn gún un kó lè mọ́”. Àwọn kan nínú oògùn wọ̀nyẹn, ìwọ̀nba díẹ̀ ló wà láàárín èyí tó ń wo ẹṣin àti èyí tó ń pa á.

Lábẹ́ igi, nígbà tí ara rẹ̀ balẹ̀, ìgbóná ara rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà láàárín 37.5 sí 38.5 ní ìwọ̀n Celsius, ọkàn rẹ̀ á máa lù ní ìgbà 28 sí 44 ní ìṣẹ́jú kan, á sì máa mí ní ìgbà 8 sí 16. Ẹ fọwọ́ wo abẹ́ àgbọ̀n: kókó tó wú níbẹ̀ pẹ̀lú ikun nínú imú lè ran gbogbo ẹṣin tó wà ní ilé ẹṣin yín. Ẹ béèrè ìgbà tó gba abẹ́rẹ́ ìpá (tetanus) gbẹ̀yìn, torí egbò pátákò kékeré lè fi ìpá pa ẹṣin.

Bí gbogbo rẹ̀ bá pé, ẹ kọ ìwé: àwọ̀ rẹ̀, àmì iwájú orí, ẹsẹ̀ tó funfun, orúkọ ẹni tó ni ín (kì í ṣe ti alágbàtà), pẹ̀lú àwòrán ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ẹ ra oúnjẹ tó ti ń jẹ, ewé ẹ̀pà, ọkà bàbà tàbí èèrí, tó máa tó ọjọ́ 10, kí ẹ máa fi tiyín lú u díẹ̀díẹ̀, torí ìyípadà òjijì ló ń fa inú rírun. Ọ̀sẹ̀ 3 ni kó fi dá gbé kó tó wà pẹ̀lú àwọn tó kù. Ẹ ti rí i báyìí pé ẹni tó ra ẹṣin ní ọ̀sẹ̀ tó ṣíwájú Iléyá kò ní àyè fún ìkankan nínú èyí. Bí ọjọ́ kan péré lẹ fẹ́ gùn ún, ẹ háyà tiyín, kí ẹ sì san owó fún ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ dáadáa. Ẹ̀yin tí ẹ sì fẹ́ rà, ẹ ki tẹmomítà bọ ìdí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i ní àárọ̀ tí mọ́tò fẹ́ gbé e. Bó bá ti lé ní 38.5, kó má wọ mọ́tò lọ́jọ́ yẹn.