Ìgbà Wo Ni Ojú Àlejò Ń Là?

Àwọn àgbà ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Wọn ò fi òwe yìí bú àlejò. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀lú lè rí ilé, kó rí ọ̀nà, kó rí ọjà, síbẹ̀ kó má mọ ìdí tí àwọn ará ibẹ̀ kì í fi í gba ọ̀nà kan lálẹ́, tàbí ìdí tí ìdílé méjì tó múlé gbe ara wọn kì í fi í kí ara wọn. Ohun tí òwe náà kò sọ ló ń jẹ mí lọ́kàn: ìgbà wo gan-an ni ojú àlejò ń là?

Ọ̀rọ̀ Yẹmí Mobọ́ládé ló gbé mi dé ibẹ̀, ọmọ wa tó di méyọ̀ ìlú Colorado Springs ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2023. Nàìjíríà ni wọ́n bí i sí. Ìwé ló bá dé Amẹ́ríkà ní 1996, nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 17. Ní 2010 ló kó lọ sí Colorado Springs láti dá ìjọ sílẹ̀. Ọdún yẹn gan-an, ìlú náà wà nínú ìṣòro owó: aráàlú ti dìbò pé àwọn ò san àfikún owó orí, ni ìjọba ìlú bá pa nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta iná òpópónà. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Òun àti àwọn alábàáṣe rẹ̀ ṣí ilé kọfí kan, The Wild Goose Meeting House, wọ́n sì tún ṣí èkejì, Good Neighbors Meeting House. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni ojú rẹ̀ ti là. Ìlú ọmọ ogun ni Colorado Springs, bárékè ọmọ ogun Fort Carson wà níbẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ ọmọ ogun òfuurufú wà níbẹ̀, ẹgbẹ́ òṣèlú Republican ló sì ti ń jẹ gàba níbẹ̀ láti ìgbà pípẹ́. Òǹtajà ò ní bi oníbàárà pé ẹgbẹ́ òṣèlú wo lo wà kó tó bu kọfí fún un. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò. Ẹni tó bá ń tajà, ojoojúmọ́ ló ń kọ́ ẹ̀kọ́ yìí. Lẹ́yìn náà ló ṣiṣẹ́ lábẹ́ ìjọba ìlú, tó ń ran àwọn oníṣòwò kéékèèké lọ́wọ́.

Èèyàn 12 ló du ipò méyọ̀ náà. Mobọ́ládé kò sí nínú ẹgbẹ́ kankan. Ní ìpele kejì, ó fi ìbò bí ìdá 57 nínú 100 borí Wayne Williams, tó ti jẹ́ akọ̀wé ìpínlẹ̀ Colorado rí.

Èmi náà yọ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan ń dùn mí nípa àwa tí a wà lẹ́yìn odi. "Ìlú wọn ni, kò kàn mí," bẹ́ẹ̀ la máa ń wí, a ó sì ti lo ogún ọdún níbẹ̀. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú tí a ò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Òpópónà tí wọ́n pa iná rẹ̀, ṣé kì í ṣe ọmọ tìrẹ náà ló ń gbabẹ̀ bọ̀ láti ilé ìwé? Ọdún 13 ni Mobọ́ládé fi gbé àárín wọn kó tó jókòó lórí àga wọn.

Ẹ má sì rò pé ẹni tó mọ ṣọ́ọ̀bù í darí ti mọ ìlú í darí. Bí oníbàárà bá ń yọ ọ́ lẹ́nu, o lè ní kó máa lọ. Ta ni méyọ̀ fẹ́ lé? Ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́sàn-án wà tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìnáwó rẹ̀. Òfin ibẹ̀ tún wí pé bí owó tó wọlé bá ju iye tí òfin là kalẹ̀, kí ìlú dá àjùlọ padà fáwọn tó san án, àfi bí àwọn fúnra wọn bá dìbò gbà pé kó wà nílẹ̀.

Oṣù kẹfà ni wọ́n búra fún un. Nígbà tó di oṣù kọkànlá, wọ́n béèrè lọ́wọ́ aráàlú bóyá kí ìlú mú dọ́là mílíọ̀nù 4.75 nínú irú owó bẹ́ẹ̀ fi kọ́ ibi ìdálẹ́kọ̀ọ́ fún ọlọ́pàá. Aráàlú ní kí ìlú dá owó àwọn padà. Aráàlú tó gbà kí iná òpópónà kú ní 2010 náà nìyẹn, wọn ò tíì kúrò níbẹ̀.